Orúkọ Ọjà, Òṣùwọ̀n Ni: Ẹ̀kọ́ Lára Ọmọ Adìẹ Tí A Fi Orúkọ Mìíràn Tà

KHUTUBAH KÌÍNÍ

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ẹ̀dá ní takọ-tabo, tí Ó sì fi àmì sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan kí á lè dá a mọ̀. À ń yìn Ín, à ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, à ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún yín àti fún ẹ̀mí àwa náà pé kí á páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba, nínú mọ́sáláásí àti nínú ọjà.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí mínbárì lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọmọ adìẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa, ó ti mú omi jáde lójú ènìyàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àwọn tí wọ́n jọ ń kírun di ẹni tí kì í kí ara wọn mọ́. Ohun tí ó lè ba ìjọ jẹ́ kì í ṣe ohun kékeré.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ yìí tí ọkọ rẹ̀ ti papò dà. Ó kó owó díẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jọ, ó ní òun yóò sin adìẹ ayẹ́yin sí ẹ̀yìnkùlé, kí òun lè máa ti ara ẹyin san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn tí ó wà lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, àwa ni a kéde níbí pé arákùnrin wa kan ní ọmọ adìẹ ayẹ́yin tí ó ń tà. Arábìnrin náà gbọ́ ìkéde wa, ó sì ra 50. Iye tí wọ́n ń ta abo ni ó san. Abo sì wọ́n ju akọ lọ púpọ̀ lọ́jà ọmọ adìẹ ayẹ́yin, nítorí ẹyin tí a ń retí lára rẹ̀.

Ó tọ́jú wọn bí ẹni tọ́jú ọmọ. Ó ra oúnjẹ, ó ra oògùn, ó ń dáná fún wọn lóru kí òtútù má baà pa wọ́n. Adìẹ 46 ni ó yè. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ 12, ogbe orí wọn ti ga, ó sì ti pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ 16, kíkọ ni wọ́n ń kọ ní ìdájí. Nínú adìẹ 46 náà, méjì péré ni abo.

Ó wá bá wa. Kò pariwo, kò sì ṣépè. Ohun tí ó bi wá ni pé, “Ẹ̀yin àlùfáà, ǹjẹ́ ẹ mọ ọjà náà kí ẹ tó kéde rẹ̀?” A kò rí èsì fọ̀ fún un, nítorí a kò mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè yẹn ni ó gbé wa dìde láti wá ohun tí ẹ̀sìn wa sọ, tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lónìí.

Orúkọ jẹ́ òṣùwọ̀n

Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ súrà kan odindi tí orúkọ rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù. Òun ni Súrà Al-Mutaffifin, súrà 83 nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Ó ti ṣe ìlérí ègbé fún àwọn tí í gbà á kún bí wọ́n bá ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, tí wọn a sì dín in kù bí wọ́n bá ń wọ̀n fún ènìyàn. Ó tún sọ ìtàn Ànábì Shuaib fún wa, ẹni tí Ó rán sí àwọn ará Madyan, tí ó kìlọ̀ fún wọn lórí ìjọsìn, tí ó sì so ìkìlọ̀ òṣùwọ̀n mọ́ ọn. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì parun.

Nígbà tí a bá ka èyí, ọkàn wa máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú kí ó tó fi wọn gàrí, tàbí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan òṣùwọ̀n ẹran kí ó lè tẹ̀ sí ìsàlẹ̀. A kì í sábà rántí pé orúkọ tí a pe ọjà náà jẹ́ òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí á rò ó. Ẹni tí ó ra ọmọ adìẹ ọjọ́ kan kò ra ẹran, nítorí kò sí ẹran lára rẹ̀. Kò ra ẹyin, nítorí ẹyin kò tí ì sí. Orúkọ ni ó rà. Orúkọ náà ni ó sọ fún un bí yóò ṣe kọ́ ilé adìẹ, irú oúnjẹ tí yóò máa rà, iye oṣù tí yóò fi dúró, àti ohun tí yóò rí ní ìgbẹ̀yìn ìdúró. Bí orúkọ bá jẹ́ irọ́, gbogbo ohun tí ó gbé ka orí rẹ̀ ni ó wó. Nítorí náà, ẹni tí ó pe akọ ní abo, tí ó sì gba owó abo, ó ti dín òṣùwọ̀n kù, bí iye ọmọ adìẹ inú páálí tilẹ̀ pé.

Abu Huraira gba ìtàn kan wá pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ohun tútù. Ó bi olówó ọjà léèrè, ẹni náà sì dáhùn pé òjò ni ó pa á. Ànábì wá béèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ kì í ṣe ara òun. Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin náà kò rọ òjò fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi gbígbẹ bo tútù mọ́lẹ̀.

Ohun tí a kọ sára ọmọ adìẹ

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà, ojú sì tì wá. Òótọ́ ti wà lára àwọn ọmọ adìẹ náà láti ọjọ́ kìíní, àwa ni a kò mọ̀ ọ́n kà.

Àwọn adìẹ ayẹ́yin tí a ń pè ní Isa Brown, a ti ṣe ètò ìran wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọ̀ ni a fi ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde láti inú ẹyin. Abo a pupa rúsúrúsú. Akọ a funfun, yóò sì ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀. Ní ti ayẹ́yin dúdú tí a ń pè ní Nera, tọkọ-tabo wọn ni ó dúdú, ṣùgbọ́n akọ a máa ní àmì funfun kan ní àtàrí, abo kì í sì í ní in. Páálí tí a ta fún arábìnrin wa, orúkọ Isa Brown ni a pè é, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ìyeyè ni ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ àmì yìí, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi mọ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a ń gbà fi orúkọ ṣìnà. Ọmọ bíróilà, èyí tí a ń sìn fún ẹran, àwọ̀ ìyeyè ni òun náà ní. Nítorí náà, àwọn kan a máa kó akọ adìẹ ayẹ́yin, èyí tí kò wọ́n, wọn a sì pè é ní bíróilà. Bíróilà tí a bọ́ dáadáa lè tó nǹkan bíi kílò méjì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Akọ adìẹ ayẹ́yin kò ní sún mọ́ ọn ní àkókò yẹn. Oṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fi jẹun kí ó tó tó ohun tí a ń pa. Ẹni tí ó rà á nítorí àtità nígbà Iléyá yóò rí i pé Iléyá ti dé, adìẹ kò tí ì dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Noiler, adìẹ tí a mú jáde ní orílẹ̀-èdè wa yìí fún ẹyin àti fún ẹran, tí ó sì bá ẹ̀yìnkùlé mu. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan, èyí ni ó sì jẹ́ kí ó rọrùn fún ẹlẹ́tàn láti kó ọmọ adìẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi jọ kí ó sì pè wọ́n ní Noiler. Àwọn mìíràn a sì mú akọ àti abo Noiler ti ilé wọn, wọn a jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, wọn a sì ta ọmọ wọn ní orúkọ bàbá. Ṣùgbọ́n adìẹ tí a ti ara ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú jáde kì í bí ọmọ tí ó jọ ọ́ délẹ̀. Ìdàgbàsókè àti ẹyin ọmọ náà kò ní dọ́gba mọ́. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta náà ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìẹ ìbílẹ̀ wa kí irú tí à ń pè ní FUNAAB Alpha tó jáde. Ẹni tí ó bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bo ọjà mìíràn, ó ti ja olùrajà lólè, ó sì ti ja ẹni tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ sọ orúkọ náà di ohun àfọkàntán lólè pẹ̀lú.

Ẹran tí a di ọmú rẹ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé ẹ̀tàn ẹran ọ̀sìn jẹ́ ohun tuntun. Ní ayé Ànábì, àwọn kan a máa di ọmú abo ràkúnmí tàbí àgùntàn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà, kí wàrà lè kún un, kí olùrajà sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń fúnni ní wàrà lójoojúmọ́. Ànábì kọ èyí. Ó sì ṣe ìdájọ́ pé ẹni tí ó bá rà á ní ọjọ́ mẹ́ta láti yàn: bí ó bá yọ́nú sí i, kí ó mú un, bí kò bá sì yọ́nú sí i, kí ó dá a padà pẹ̀lú ìwọ̀n sáà dàbínù kan, èyí tí í ṣe múdù mẹ́rin.

Ìdájọ́ yìí kún fún ọgbọ́n. Ó dá ẹ̀tọ́ ẹni tí a tàn padà fún un, kò sì jẹ́ kí òun náà mu wàrà onítọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Irọ́ ọmú tí a dì, ọjọ́ mẹ́ta tó láti tú u. Irọ́ ọmọ adìẹ, oṣù mẹ́ta kò tó nígbà mìíràn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n opó náà ni ó ń bọ́ irọ́ yẹn ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi wà lójú ọ̀nà, àpò oúnjẹ kan lẹ́yìn èkejì. Bí irọ́ bá ṣe lè pẹ́ tó kí ó tó hàn, bẹ́ẹ̀ ni ojúṣe òdodo ṣe wúwo tó lọ́rùn ẹni tí ń tajà.

“Bí wọ́n ṣe tà á fún mi ni”

Nígbà tí a pe arákùnrin wa, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ni pé, “Bí wọ́n ṣe tà á fún mi ni èmi náà ṣe tà á.” A wádìí, a sì rí i pé kò purọ́. Ọwọ́ alágbàtà kan ni ó ti rà á, nínú páálí tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára, kò sì béèrè. Ǹjẹ́ ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi bí?

Ipò mẹ́ta ni àwọn olùtajà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni kìíní mọ̀ pé akọ ni, ó sì pè é ní abo. Ẹlẹ́tàn ni, ìkìlọ̀ Ànábì sì dé bá a. Ẹni kejì ṣe ìwádìí, ó sọ ohun tí ó mọ̀, àṣìṣe sì wọ inú rẹ̀. Kódà àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ yíya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo a máa ṣi ọ̀kan tàbí méjì mú. Ẹni yìí kò jẹ̀bi ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ olùrajà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni kẹta ni ẹni tí kò mọ̀, tí ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀. Ipò rẹ̀ ni ó ṣòro jù, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti bọ́ sí. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrà Al-Isra pé kí á má ṣe tẹ̀lé ohun tí a kò ní ìmọ̀ nípa rẹ̀, Ó sì jẹ́ kí ó yé wa pé a ó bi ìgbọ́rọ̀, ìríran àti ọkàn léèrè. Ẹni tí ó sọ pé “abo ni” nígbà tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ “n kò mọ̀”, ó ti jẹ́rìí sí ohun tí kò rí.

Ẹ̀yin ará wa, a kò lè na ìka sí arákùnrin náà kí á sì gbàgbé ara wa. Àwa náà sọ ohun tí a kò mọ̀, a sì sọ ọ́ láti inú mọ́sáláásí, níbi tí ènìyàn kì í ti í ṣiyèméjì. A ti tọrọ gáfárà lọ́dọ̀ arábìnrin náà, a sì tún ń tọrọ rẹ̀ lónìí lójú gbogbo yín. Kí Ọlọ́hun foríjì wá.

KHUTUBAH KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olùpèsè tí àrísìkí gbogbo wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, báyìí ni a ṣe yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé ẹni tí ó bá bá àbùkù tí wọ́n fi pamọ́ nínú ọjà tí ó rà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ó ti dàgbà kì í padà di ọmọ ọjọ́ kan. Nítorí náà, arákùnrin wa dá ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó abo àti owó akọ padà. Àwa tí a kéde bá a ta àwọn àkùkọ náà nínú ọgbà yìí, a sì pè wọ́n ní àkùkọ. Owó tí ó wọlé mú ìrora rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò tó owó oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ, kò sì dá sáà ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ kan fi jókòó sílé padà. Àwọn nǹkan kan wà tí gáfárà kì í tún ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí á dènà wọn.

Hakim bin Hizam gbà á wá pé Ànábì sọ pé olùtajà àti olùrajà ní ẹ̀tọ́ láti yàn níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tí ì pínyà. Bí wọ́n bá sọ òdodo tí wọ́n sì ṣàlàyé, àlùbáríkà yóò wọ inú òwò wọn. Bí wọ́n bá sì fi nǹkan pamọ́ tí wọ́n purọ́, a ó pa àlùbáríkà rẹ̀ rẹ́. Lórí èyí ni a gbé àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kà.

Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ń tajà

1. Sọ ohun tí o mọ̀, kí o sì sọ ohun tí o kò mọ̀. Bí o kò bá ya akọ kúrò lára abo, wí pé àdàlù ni, kí o sì tà á ní iye àdàlù.

2. Má ṣe yọ ọjà kúrò nínú páálí tí ó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára láti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Kọ irú adìẹ, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ tí wọ́n jáde sínú rìsíìtì.

3. Ẹ jọ fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí akọ bá pọ̀ jù nínú abo. Àdéhùn tí a ṣe ní àárọ̀ kì í dìjà ní alẹ́.

4. Má ṣe fi ìbúra ta ọjà. Ìbúra lè mú ọjà yá, ṣùgbọ́n Ànábì kìlọ̀ pé ó ń pa àlùbáríkà rẹ́.

A gbọ́ nínú ìtàn Imam Abu Hanifa, tí ó jẹ́ oníṣòwò aṣọ ní Kufa, pé alábàáṣe rẹ̀ ta aṣọ kan tí ó ní àbùkù láì sọ fún olùrajà, kò sì mọ ẹni tí ó rà á mọ́. Imam náà kó owó náà ṣe sàárà. Àwọn àgbà wa sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ọ̀nà ọjà ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ òdodo mọ̀ pé ọjà kan ṣì kù lẹ́yìn ti ayé, níbi tí èké kò ti ní rí ẹni rà á.

Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ń rajà

1. Béèrè irú adìẹ, akọ tàbí abo, ọjọ́ tí ó jáde, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ti gbà.

2. Ṣí páálí ní ojú ọ̀sán kí o tó sanwó, níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò tí ì pínyà. Bí o kò bá mọ àmì, mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání.

3. Bí wọ́n bá ń ta abo fún ọ ní owó akọ, dúró kí o ronú. Ọ̀pọ̀ mọ̀kúlẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé.

4. Ṣe òdodo ní ti tìrẹ pẹ̀lú. Èyí tí òtútù tàbí àìbìkítà pa nílé rẹ, má ṣe gbé e lé olùtajà lórí. Má sì ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ kí o tó wádìí, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti pa ìwádìí ìròyìn láṣẹ fún wa nínú Súrà Al-Hujurat.

5. Má ṣe fi ebi jẹ àkùkọ nítorí pé kò di abo. Kì í ṣe òun ni ó purọ́.

Ní ti àwa tí a wà nídìí ètò mọ́sáláásí yìí, láti òní lọ, a kò ní kéde ọjà ẹnikẹ́ni níbí àfi bí ẹni méjì tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbéèrè fún àgbéyẹ̀wò nílé

Kí ni à ń tà tàbí tí à ń ṣe tí orúkọ rẹ̀ tóbi ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ? Nígbà wo ni a sọ “mo mọ̀” gbẹ̀yìn, nígbà tí ó yẹ kí á sọ “n kò mọ̀”? Ta ni ó ń bọ́ irọ́ wa lọ́wọ́lọ́wọ́, tí kò sì tí ì mọ̀?

Àdúà

Ọlọ́hun, Ìwọ tí O mọ ohun tí ó wà nínú ẹyin kí ó tó là, ṣe ahọ́n wa ní olódodo. Fi hàláálì rọ̀ wá lọ́rùn kúrò níbi hàráámù. Bá wa dá ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ opó àti ọmọ òrukàn inú ìjọ wa padà láti ibi tí wọn kò fọkàn sí. Tún àárín àwọn tí wọ́n bínú sí ara wọn ṣe. Fi àlùbáríkà sí ọjà wa, sí oko wa, àti sí ẹ̀yìnkùlé wa. Foríjì àwa, àwọn òbí wa, àti gbogbo mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Àmín.

Ẹ dìde, kí á kírun.